Oko Ọkọ, Ọjà Ìyàwó: Ìrántí Iṣẹ́ Tọkọtaya ní Ìfọ̀, Mowé àti Ìbafò

Kí ọ̀nà márosẹ̀ tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn tó dé ní ọdún 1978, abúlé oko ni Mowé àti Ìbafò. Ìfọ̀ ti di ìlú ọjà ṣáájú wọn nítorí ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n oko ló yí òun náà ká. Ní gbogbo àgbègbè yìí, iṣẹ́ méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba ló ń bọ́ ilé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọkọ ń bá òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn rìn. Iṣẹ́ ìyàwó ń bá ọjọ́ ọjà rìn. Ọkọ lè fi oṣù márùn-ún dúró de ìrẹsì, kó fi ọdún kan àbọ̀ dúró de gbágùúdá, kó sì fi ọdún mẹ́fà tàbí méje dúró de obì. Ìyàwó kì í dúró ju ọjọ́ márùn-ún lọ kó tó mọ̀ bóyá òun jèrè tàbí òun pàdánù. Ká ní bákan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni, ebi ì bá ti pa ọ̀pọ̀ ilé láàárín ìgbà ìroko sí ìgbà ìkórè.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kógbá sílé ni iṣẹ́ ọkọ máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣánko, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á dáná sun ún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó bọ́ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Àgbàdo a kọ́kọ́ wọlẹ̀, gbágùúdá a sì tẹ̀lé e sáàárín ebè. Ìrẹsì ìhà Mowé gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Ọ̀fadà tí kò jìnnà sí Mowé rárá. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ti ń hù. Òjò ló gbójú lé, kì í ṣe omi àbàtà. Bó bá ti yọmọ báyìí, ogun ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lóko tí yóò máa ju òkò, tí yóò máa pariwo, nítorí ẹyẹ ẹ̀gà lè sọ oko ìrẹsì di pòròpórò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, títí di oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ ń wà ní òwúrọ̀, bàbá àti ìyá sì ní láti tún iṣẹ́ pín láàárín ara wọn.

Iṣẹ́ oko a máa sọ ènìyàn di onísùúrù. Àṣìṣe tí àgbẹ̀ bá ṣe ní oṣù kẹta, ó di oṣù kẹsàn-án kó tó fojú rí i. Nǹkan kan ló sì ń mú lẹ́ẹ̀kan. Ebè tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń ro. Bó bá parí rẹ̀, yóò bọ́ sí èyí tó kàn. Ọ̀rọ̀ owó kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, kò sí owó tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà tí àpò àgbẹ̀ gbẹ jù lọ gan-an ni koríko máa ń ga jù lọ. Oko tó tóbi kò ṣeé dá ro. Ó gba àgbàṣe, àwọn Ègùn tó ń ti ìhà Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin wá sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ìlérí kò lè ro oko fún ẹnikẹ́ni. Owó ni alágbàṣe ń gbà, oúnjẹ sì ni yóò jẹ lọ́sàn-án.

Iṣẹ́ ìyàwó yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ará Ẹ̀gbá ni a mọ̀ mọ́ láfún jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ obìnrin sì ni. Wọn á bó èèpo gbágùúdá, wọn á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, wọn á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọn á sì sá a sórí àpáta tàbí orí ẹní nínú oòrùn. Májèlé wà nínú gbágùúdá tútù. Rírẹ̀ àti kíkan yẹn ló ń lé e jáde, nítorí náà obìnrin tó bá kánjú yọ ọ́ lómi lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Gàrí ní ọ̀nà tirẹ̀: wọn á rin ín, wọn á dì í sápò, wọn á gbé òkúta ńlá lé e fún ọjọ́ díẹ̀, wọn á kù ú, wọn á sì yan án nínú agbada. Ìrẹsì ọ̀fadà tún nira ju méjèèjì lọ. Rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló fún un ní òórùn tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni sísá, gígún, fífẹ́, àti ṣíṣa òkúta, tí ó lè gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ obìnrin méjì tàbí mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ń lọ lọ́jọ́ kan náà. Gbágùúdá kan wà nínú omi, òmíràn wà lábẹ́ òkúta, èkẹta wà nínú oòrùn, ìyàwó sì ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò fẹ́ rọ̀ sí èyí tó sá. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀la ni ọjà. Yóò mọ èyí tó máa tó nǹkan lọ́la àti èyí tí yóò di ọjà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láìmọ nǹkan kan lè rò pé kò fọkàn sí ohunkóhun, nítorí pé kì í jókòó ti iṣẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan wọ omi àti wákàtí tó yẹ kó jáde wà lórí rẹ̀, láìsí ìwé, láìsí aago. Ọjọ́ ọjà ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọjà ọrọọrún wà káàkiri àwọn abúlé, obìnrin alájàpá tó bá já fáfá sì lè rà ní ọjà oko kan lónìí kó tó tà á ní ìlú lọ́la.

Ibi tí àjọṣe yìí jinlẹ̀ sí jù lọ ni ìṣirò owó. Ohun tí ọkọ bá kó wálé láti oko, lẹ́yìn èyí tí wọ́n yọ fún oúnjẹ ilé, kì í di ti ìyàwó lásán. Ọkọ yóò díyelé e. Ìyàwó yóò ná an bí ó ṣe máa ná ọjà lọ́wọ́ àjèjì, bí wọ́n bá sì fẹnu kò, yóò gbé ẹrù náà láwìn. Bó bá tọjà dé, yóò san owó ọkọ. Èrè orí rẹ̀ di tirẹ̀. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣe ni ìyàwó ń bá ọkọ tajà, tí ọkọ yóò wá fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Bó ti wù kó rí, àpò méjì ló wà nínú ilé, ẹnìkan kì í sì í tú àpò ẹnìkejì wò. Ọkọ tó bá ń wádìí iye tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣòwò ti kọjá ààyè rẹ̀. Nínú èrè òwò rẹ̀ ni ìyàwó ti ń rí owó tí yóò fi dá èésú àti àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò fi ran ọmọ lọ́wọ́, tí yóò fi ṣe òkú ìyá rẹ̀ bó bá tó àkókò.

Niara Sudarkasa, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé ní Aáwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Òwò obìnrin Yorùbá àti ààyè tí ó ní nínú ilé ni ó kọ ìwé lé lórí, ìwé náà sì jáde ní 1973 pẹ̀lú àkọlé Where Women Work. Ẹnu máa ń ya àwọn àjèjì tó bá gbọ́ pé ìyàwó ń ra gbágùúdá lọ́wọ́ ọkọ ara rẹ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ kò sí níbẹ̀. Àṣìmọ̀ ńlá nìyẹn. Ìṣirò tó mọ́ láàárín wọn ló ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yá èkejì lówó láìsí ìbẹ̀rù, ìyánilówó yìí gan-an ló sì ń gba oko là.

Gbágùúdá tó ti gbó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wú u, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi máa bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó lè dúró ló ń jèrè. Ìyàwó ló mọ iye tí ọjà ń lọ, nítorí pé ó ń débẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tó ń wáyé láàárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé kan sí òmíràn. Ìyàwó á ní, “Bàbá Dáre, gàrí ti kún ọjà jù. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà nínú ilẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn.” Ọkọ á fèsì pé, “Ìyá Dáre, ọ̀tunla ni àwọn alágbàṣe ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ fún wọn?” Ìyàwó á ní, “Ẹ má ṣèyọnu. Mo máa yá yín. Bí a bá wú u, ẹ ó san án.” Báyìí ni owó wẹ́wẹ́ tó ń wọlé ní ọrọọrún ṣe ń ra àkókò fún oko tó ń fẹ́ ọdún kan àbọ̀.

Ilé tí kò ní irú owó wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rí ìdààmú. Ọkọ á lọ bá àwọn sògúndogójì, níbi tí èlé ti ń tó owó tí a yá, tàbí kó ta oko lórí ìdúró fún oníṣòwò tó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ há. Àwọn mìíràn fi igi obì dógò, ẹlòmíràn sì ń ká èso rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò dáko náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọwọ́ àjèjì ni yóò ti máa ra ohun gbogbo, lówó pérépéré, kò sì ní sí àká kankan fún un lọ́jọ́ tí gbágùúdá bá wọ́n. Kánmọ́kánmọ́ ìyàwó nílò ohun tí yóò gbára lé, sùúrù ọkọ nílò ẹni tí yóò máa fún un ní oúnjẹ.

Kì í ṣe pé ìjà kò sí. Ìyàwó a máa rò pé ọkọ ń fà. Ọkọ a máa rò pé ẹnu òwò ti ba ìyàwó jẹ́. Bí ọjà bá ṣubú, tí ìyàwó sì ti gbé ẹrù láwìn, ta ni yóò ru àdánù? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá ọkọ tàbí àgbàlagbà kan nínú agbo ilé ni wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá, wọn á sì pín in. Obìnrin tó ní oko tirẹ̀ wà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó jẹ́ télọ̀, awakọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí owó oṣù jẹ́ ìwọ̀n àkókò tirẹ̀.

Ojú irin ló yí ọ̀rọ̀ náà padà ní Ìfọ̀. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà yìí kí a tó dé Abẹ́òkúta, láti Ìfọ̀ náà ni ẹ̀ka kan sì ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò ní nǹkan bí ọdún 1930. Ọkọ tó gbin obì gbànja rí ọjà tó jìnnà, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ń gbé obì lọ sí ilẹ̀ Hausa. Iṣẹ́ obì náà pín sí méjì: ọkùnrin ló ń gbìn, tó ń ká; obìnrin ló ń bó o, tó ń ṣà á, tó ń fi ewé gbòdógì tọ́jú rẹ̀ kó má baà gbẹ. Ní ti láfún àti gàrí, obìnrin Ìfọ̀ lè gbé e wọ ọkọ̀ kó sì dé Ìddó. Ọjà Èkó kì í dúró de ọrọọrún, ojoojúmọ́ ni. Ìrìn òwò ìyàwó wá yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà tí oko kò yí padà.

Mowé àti Ìbafò kò rí irú ànfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù, òmíràn gba Abẹ́òkúta; abúlé wọ̀nyí wà láàárín méjèèjì. Ẹrù orí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí jẹ́ kí tọkọtaya ibẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ti Ìfọ̀ lọ ní àkókò ìkórè, nítorí pé ìyàwó kò lè dá ru ìrẹsì.

Ìyàtọ̀ ọwọ́ ìṣiṣẹ́ láàárín tọkọtaya kò mọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń sọ yìí wà lábẹ́ àṣẹ Ẹ̀gbá nígbà ìjọba amúnisìn, ní Abẹ́òkúta sì ni tọkọtaya tí ìyàtọ̀ wọn hàn sí gbogbo ayé jù lọ ti gbé: Olùṣọ́àgùntàn Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti àti Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kìíní ọdún 1925. Ènìyàn ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ ni ọkọ. Ó ṣe ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School, ó sì di ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School ní 1932, ipò tó wà títí di 1954. Nígbà tí àwọn olùkọ́ para pọ̀ dá ẹgbẹ́ Nigeria Union of Teachers sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tó ṣínà fún yunifásítì Ìbàdàn ní 1948. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń gbìn tó sì ń dúró.

Ìyàwó rẹ̀ ní agbára mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré àwọn obìnrin tó kàwé ní 1932. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn obìnrin ọjà tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn láìsan iye tó yẹ. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ tí ọ̀fadà ti ń wá. Ẹni tó bá gba ìrẹsì lọ́wọ́ obìnrin lójú ọ̀nà ọjà ti gba èrè ìyàwó, ó sì ti gba owó ọkọ tí a gbé ẹrù náà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà jà títí ìfipágba ìrẹsì yẹn fi dáwọ́ dúró. Ní 1946 ó di Abeokuta Women's Union, ó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin ọjà, ó sì dojú kọ owó orí tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá láti 1918. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kọrin yí ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ká, wọ́n sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Wọ́n dá owó orí náà dúró ní 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, kó tó padà ní ìparí ọdún 1950.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí gbàgbé ibi tí àwọn obìnrin náà ti ń péjọ. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkọ ń darí ni ilé tọkọtaya náà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé, tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ìyàwó kò lè rí irú ààyè bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe pé ọkọ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe ní jẹ́jẹ́, ọkọ nìkan náà kò sì lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún alájàpá jáde lọ́jọ́ kan. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kọ nípa wọn nínú Aké: The Years of Childhood tó jáde ní 1981. Àwọn òbí tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀, Samuel Ayọ̀délé, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, ènìyàn ìwé àti ètò. Ìyá rẹ̀, Grace Ẹniọlá, ní ìsọ̀ tó ti ń tajà, ó sì wà nínú ìjàkadì àwọn obìnrin náà. Olówó oṣù kan àti oníṣòwò kan nínú ilé kan: ọ̀pọ̀ ilé olùkọ́ àti ti àlùfáà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló gbé ara lé irú ìpín yìí, owó ìsọ̀ ìyá sì ni ó sábà máa ń gbé ilé ró bí oṣù bá dé ìdajì.

Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀nà márosẹ̀, tó gùn tó kìlómítà 127, gba ẹ̀gbẹ́ Ìbafò àti Mowé kọjá. Ibi tí ọ̀nà ńlá kò dé rí wá di ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn obìnrin ló rí ànfààní rẹ̀: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàrí tí wọ́n ń rù lọ sí ọjà jíjìn, àwọn onímọ́tò ń wá rà á lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1983, ìjọ Redeemed Christian Church of God bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àgọ́ rẹ̀ sí ìtòsí Mowé, èrò sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Oko tí wọ́n ń jẹ láti ìran dé ìran di pulọ́ọ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká owó ilé Èkó sì ń kó wá.

Àwọn tọkọtaya tuntun yìí tún iṣẹ́ pín lọ́nà mìíràn. Ọkọ ń jí ní ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ tó dí i lọ́nà, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní Èkó, ìparí oṣù ló ń gbowó. Ìyàwó ṣí ìsọ̀ síwájú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, ojoojúmọ́ ló ń ka owó. Owó oṣù ló ń ra bíríkì àti páànù. Owó ìsọ̀ ló ń ra oúnjẹ àti omi títí oṣù yóò fi parí. Àpò méjì àti ìrìn méjì ṣì wà, ṣùgbọ́n ọjà tí ìyàwó ń tà kò ti ọwọ́ ọkọ wá mọ́, nítorí náà ìnájà láàárín àwọn méjèèjì parí. Ọ̀pọ̀ ọkọ kò mọ iye tí kóńgò gàrí kan ń lọ, ọ̀pọ̀ ìyàwó kò sì mọ ohun tí ọkọ ń ṣe gan-an ní ọ́fíìsì.

Láfún kò tíì kúrò nílẹ̀. Obìnrin ṣì ń sá a lẹ́bàá ọ̀nà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ sì ti gba iṣẹ́ rírin àti lílọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbágùúdá tí wọ́n ń lò ń ti ìgbèríko Ọbáfẹ́mi àti Ọ̀dẹ̀dá wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń rà á, ẹni tó ń tà á fún wọn kì í sì í ṣe ọkọ wọn mọ́.